Bí ẹ ṣe lè ya odò ẹ̀yìnkùlé yín sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn èèyàn ti ń bi mí tipẹ́ pé níbo ni mo ti ń rí nǹkan tí mò ń yà sára aṣọ, wọ́n ní àdìrẹ tèmi kì í jọ ti ọjà, pé akàn wà níbẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà níbẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ṣé mo kàn ń fi aṣọ ṣeré ni. Mi ò ṣeré o. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi ẹjọ́ rírò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà tó ń sọ bí àwa èèyàn ṣe ń bá igi, omi, ilẹ̀ àti ẹranko gbé, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra kánfáàsì àti ọ̀dà olówó gọbọi, láfún tá a fi ń se ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tá a bá yà wà lọ́jà, ìyẹ́ adìẹ tá a fi ń yà á wà nílẹ̀, aṣọ òwú funfun yáàdì márùn-ún ò lè pa yín.

Ká tó dé ìdí láfún ṣá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká yanjú ná. Aṣọ tí mo kọ́kọ́ dá yà fúnra mi, ọ̀pẹ ni mo yà sí i, òṣùpá, ẹyẹ méjì, odò tó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ òkè, inú mi dùn débi pé mi ò jẹun, mo gbé e tọ ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ. Ìyá wò ó títí, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló ń gun ọ̀pẹ yẹn?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń gùn ún mà, ọ̀pẹ lásán ni. Wọ́n ní, "Ọ̀pẹ lásán kẹ̀? Níbo lo ti rí ìyẹn rí?" Mo dákẹ́. Lóòótọ́ mi ò rí i rí. Ọ̀pẹ tí mo mọ̀, kẹ́ẹ̀gì ẹmu ń bẹ lọ́rùn ẹ̀, àpá àdá wà lára ẹ̀ láti ìdí dókè, àwọn ọmọdé ń ṣa ẹyìn lábẹ́ ẹ̀, imọ̀ ẹ̀ ni wọ́n fi bo àtíbàbà ìyá eléwé, ìgbálẹ̀ ilé wa ti ara ẹ̀ jáde. Èmi wá lọ ya ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí. Igi tí ọwọ́ èèyàn ò sí lára ẹ̀, ti káléńdà nìyẹn jàre. Àárín èèyàn àti igi yẹn gan-an lẹ máa yà, ohun tí ọwọ́ ṣe sí i àti ohun tí òun náà ṣe sọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ mú ibì kan ṣoṣo, kó má jìnnà. Ibi tẹ́ ẹ ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ló dáa jù: odò ẹ̀yìnkùlé, igi máńgòrò tí àwọn mẹkáníìkì ń jókòó sábẹ́ ẹ̀, kànga, ààtàn, ilẹ̀ tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ kiri. Tí kò bá sí odò nítòsí, ẹ wo orúkọ àdúgbò yín. Ìdí-Ìrókò, Ìdí-Àràbà, Ìdí-Ìṣin, igi ló sọ gbogbo wọn lórúkọ, ẹ lọ bi àgbà àdúgbò pé igi ọ̀hún dà, ta ló gé e, kí ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, aṣọ kan ti wà nínú ìdáhùn yẹn kẹ́ ẹ tó mú ìyẹ́ dání.

Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́rin ó kéré tán, ìdájí, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àti kété tí òjò bá dá. Ẹ mú jọ́tà àti pẹ́ńsù dání, kí fóònù wà lápò, torí fótò máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé òun ti rí nǹkan. Ohun tí ẹ máa kọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ta ló ń pọn, ta ló ń dà á nù, ta ló ń gé, kí ló ń jẹ kí ni. Ẹ má kọ "ó rẹwà". Ohun tí mo kọ sínú jọ́tà tèmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rèé, bó ṣe rí gẹ́lẹ́: Ìyá afọṣọ. Orúnkún ẹ̀ wọ inú omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù. Fóòmù ọṣẹ ń lọ sísàlẹ̀, ó kọ́ sára ọparun. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjìlá, mo kà á. Ọmọkùnrin kan tọ̀ sómi. Lékèélékèé kan dúró lórí táyà.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn òjò, bàbá kan tó ń ti oko bọ̀ bá mi níbẹ̀, ó bi mí pé kí ni mò ń wá, mo ní mò ń wo odò ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní abẹ́ àwọn òkúta wọ̀nyí làwọn ti máa ń fọwọ́ mú akàn nígbà èwe àwọn, pé tí wọ́n bá ti gbé òkúta báyìí, akàn á sá fẹ̀gbẹ́fẹ̀gbẹ́ bí olè. Mo gbé òkúta kan. Páńpáàsì ọmọ ló wà níbẹ̀. Mo gbé èkejì, ẹrẹ̀ dúdú lásán. Akàn tí mi ò rí yẹn ló di aṣọ tí gbogbo yín ń bèèrè.

Ó yá, bá a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ jọ́tà di ọnà. Àwọn ìyá wa ti ṣe èyí tó ṣòro jù níbẹ̀ fún wa. Ẹ wo Ìbàdàndùn, àdìrẹ àtijọ́ kan, dáadáa tẹ́ ẹ bá rí ojúlówó: wọ́n pín aṣọ sí ojú-ojú, ojú kọ̀ọ̀kan ní ohun tó wà níbẹ̀, opó gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1929 wà níbẹ̀, ṣíbí wà láàárín opó, ewé àti ẹyẹ wà lójú kejì, bíi pé ilé ìjọba àti ewé oko jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Wọ́n jọ ń gbé e náà ni. Ewé ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn ọnà àtijọ́, ẹ sì wò ó, láfún tí wọ́n fi ń yà á, ẹ̀gẹ́ náà ni! Mo fẹ́ràn ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ pín aṣọ tiyín náà. Ìró kan ni abala méjì tá a rán pọ̀, ẹ fi ojú mẹ́wàá-mẹ́wàá sí abala kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣẹ́ aṣọ kí ìlà ẹ̀ hàn, kò sídìí fún rúlà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá dín nǹkan kù. Ìyẹ́ adìẹ ò mọ bí ojú èèyàn ṣe ń rí, ẹ má fi ìyà jẹ ẹ́. Akàn: róbótó kan, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, èékánná ńlá méjì níwájú, ó tán. Ìyá afọṣọ: orúnkún méjì àti ìlà omi, mi ò ya orí ẹ̀ rárá, gbogbo ẹni tó bá ti fọṣọ lódò rí mọ̀ ọ́n. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà: igun mẹ́rin, igun kan ti ya, ibi tí eyín ti gé e. Igun tó ya yẹn ló ń sọ pé èèyàn ti mu ún, ẹ ò rí i bó ṣe kéré tó? Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ àti ìgbálẹ̀ dán gbogbo ẹ̀ wò lórí ìwé ìròyìn àtijọ́ títí ọwọ́ á fi yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí nǹkan tún ara ẹ̀ ṣe, kó sì máa yí padà bó ṣe ń tún ara ẹ̀ ṣe. Lórí aṣọ tèmi, akàn méje wà nílà òkè, márùn-ún nílà kejì, méjì nílà kẹta, nílà kẹrin mo ya òkúta tí kò ní nǹkan lábẹ́. Ọ̀rá ń lọ sókè bí akàn ṣe ń lọ sílẹ̀. Mi ò kọ ìwé kankan síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin náà ẹ má kọ "ẹ dáàbò bo odò wa" sára aṣọ, ìyẹn di ti pósítà ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó rí i á kà á tán á kọjá lọ.

Ẹ̀kọ wá kàn. Ìwọ̀n tèmi ni kọ́ọ̀bù láfún kan sí omi kọ́ọ̀bù mẹ́rin tàbí díẹ̀ lé, àti álọ́mù lílọ̀ ṣíbí tíì kan. Ẹ fi omi tútù po láfún, ẹ fi ajọ̀ dáadáa sẹ́ ẹ kí kóko má bàa wà níbẹ̀, torí kóko kékeré kan á di ihò lára aṣọ, ẹ wá gbé e kaná, iná kékeré, ẹ máa rò ó láìsinmi. Nígbà tó bá ki bí ẹ̀kọ mímu tó ń já bọ́ lójú ṣíbí ní wẹ̀lẹ́-wẹ̀lẹ́, ẹ fi álọ́mù sí i, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn kan máa ń fi copper sulphate, èyí tó búlúù bí òkúta yẹn, sí i kó má bàa tètè bàjẹ́. Àwọn ìyá wa náà ń fi í sí i, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹja, èmi tí mò ń ya akàn tó ti kú tán ò lè máa fi nǹkan yẹn fọ aṣọ sódò. Mo kàn ń se ẹ̀kọ tí mo máa lò tán lọ́jọ́ kan ni.

Ìyẹ́ apá adìẹ ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó le, ẹ gé ẹnu ẹ̀ ní ìfẹ̀gbẹ́. Fún ìlà gígùn, ìgbálẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ so pọ̀ á ṣe é. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì tàbí pákó, ẹ fà á kó tẹ́jú, ẹ máa yà láti òkè bọ̀ kí ọwọ́ má bàa nu ohun tẹ́ ẹ ti yà. Ojú kan ṣoṣo là ń yà o, ẹ má yí i. Kí ẹ̀kọ nípọn díẹ̀, tó bá fẹ́lẹ́ aró á wọlé. Ẹni tó bá ń kánjú kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ya abala kan, ẹ̀yìn mi ń ro mí.

Kẹ́ ẹ tó rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe jù, ẹ gbọ́ èyí. Lóṣù keje ọdún kan, òjò ò dá, mo ya aṣọ mi tán, ó gbẹ lójú, mo fọwọ́ kàn án mo ní ó ti gbẹ, mo ká a, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí mo fẹ́ lọ síbi ìnáwó. Nígbà tí mo fi máa dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ, mo ya á kúrò lára ara wọn, gbogbo akàn mi ti di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ pátá! Mo kọ́kọ́ sunkún, nígbà tó yá mo rẹ́rìn-ín, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akàn inú odò náà nìyẹn. Ẹ sá a síbòòji kó kọ́kọ́ fà, kẹ́ ẹ tó gbé e sóòrùn, oòrùn líle lójijì á mú kó sán wẹ́wẹ́. Tó bá gbẹ tán, á le bí páálí, á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá gbé e.

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Àtikékeré la ti ń gbọ́ ọ, ṣé ẹ ti rò ó rí pé àwọn àgbà gbà pé ẹyẹ ló ni àwọ̀, àwa kàn yá a lò ni? Aró tí mo fẹ́ràn jù, ti èlú ni. Ewé èlú tútù ni wọ́n ń gún lódó, wọ́n á ṣù ú rìbìtì-rìbìtì, wọ́n á sá a gbẹ, ẹ ṣì lè bá a rà lọ́wọ́ àwọn ìyá aláró. Eérú náà ṣe pàtàkì: ìkòkò méjì, ọ̀kan lórí èkejì, ti òkè ní ihò nídìí, ẹ kó eérú sí i, ẹ bu omi lé e, á máa sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á dà bíi tíì. Omi eérú yẹn lẹ máa fi rẹ èlú, ẹ dé e, ó lè gba tó ọ̀sẹ̀ kan, á máa hó, á máa rùn, àwọn ará ilé á máa wò yín. Tó bá ti jẹ́, awọ fẹ́lẹ́ kan á wà lójú ẹ̀ tó ń dán bíi bàbà. Tí kò bá jẹ́, kò jẹ́ nìyẹn, àwọn aláró ní Ìyá Mápó, òrìṣà wọn, tí wọ́n ń ké sí, ẹ̀yin ẹ wo eérú yín bóyá ojúlówó ni.

Ẹni tí kò ráyè ìyẹn á lo aró òyìnbó pẹ̀lú kẹ́míkà méjì, hydrosulphite àti kọ́sítíìkì sódà, ó yá, mi ò purọ́, èmi náà ń lò ó tí àwọn oníbàárà bá ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wọ gílọ́ọ̀fù rọ́bà, ẹ bo imú, kí ọmọdé jìnnà. Inú omi la ń da sódà sí o, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi lé sódà lórí, á ta sí yín lójú. Báfù oníke ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ti alumíníọ̀mù rárá, sódà á jẹ ẹ́.

Ẹ rọra ri aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ má fún un, ẹ má rẹ ẹ́ sómi tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀kọ má bàa yọ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ gbé e jáde. Ẹ dúró wò ó. Á jáde ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, ẹ̀yin náà á rí i báyìí tí búlúù ń sá wọ inú ẹ̀ láti etí aṣọ, mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò tíì gbé ojú kúrò lára ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kó fà, ẹ tún rì í, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà, bó ṣe wù yín kó dúdú tó. Tó bá gbẹ, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ẹ̀kọ kúrò lórí ilẹ̀ gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Ọnà náà ò ní funfun báláú, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa jẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má bínú sí i.

Omi aró ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tijú. A ó ya odò, a ó gba owó odò, a ó wá da omi sódà sí gọ́tà tó ń lọ sínú odò yẹn kan náà. Ìkòkò èlú, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa dà á nù, ẹ máa fi èlú àti omi eérú kún un. Ti òyìnbó, ìwọ̀nba tí aṣọ yín nílò ni kẹ́ ẹ pò, ẹ wá àkísà àti aṣọ àtijọ́ rì sí i títí agbára ẹ̀ á fi tán, ẹ fi èyí tó kù sínú dírọ́ọ̀mù kó silẹ̀, kó jìnnà sí kànga àti odò. Kò tíì mọ́ tó, ṣùgbọ́n ó sàn ju gọ́tà lọ.

Ẹ sọ aṣọ yín lórúkọ. Àdìrẹ tí kò lórúkọ kò tíì parí lójú tèmi. Mo pe tèmi ní Akàn Dà? Orúkọ yẹn ló ń ta á, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ wá akàn lára aṣọ, bó bá ti ń wá a ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí gálárì tàbí kẹ́ ẹ tó pọ́sítì ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo ti kọ́ èyí. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, òun náà ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbàràgàdà, ṣùgbọ́n ohun tí òun àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀ mọ sínú igbó yẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn kan ti ń gé igi ẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń dọdẹ ilẹ̀ ẹ̀ láti tà, ère wọlé, igbó dúró. UNESCO gbà á sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ó tó hẹ́kítà 75, ẹ ò gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣúgà tàn yín ṣá o, láti bí ọdún mélòó kan omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí omi amọ̀ torí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, kò sí ère tó lè dá ẹrẹ̀ padà. Igi ni ère gbà sílẹ̀, omi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan.

Èmi náà gbé Akàn Dà? lọ sódò wa, mo so ó mọ́ ọparun méjì láàárọ̀ Sátidé. Bàbá olóko kọjá, ó ka akàn, ó ní méje kéré, nígbà tiwọn wọ́n ju ogún lọ lábẹ́ òkúta kan. Ìyá afọṣọ ò tiẹ̀ wo akàn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò, wọ́n wò ó, wọ́n tún sún mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bọ́kẹ́ẹ̀tì mi rèé àbí? Ọwọ́ ẹ̀ ti já láti ọdún tó kọjá, okùn ni mo so mọ́ ọn. O ò wò ó dáadáa." Mo wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Okùn ni lóòótọ́, okùn ìko, wọ́n ta kókó sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń ya abala kejì báyìí, okùn wà níbẹ̀.